Ẹ́ńjìnì bàbá mi ti dì gbagidi: ẹ̀yin tó mọ irin àtijọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àgbà Oko

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti padà sí oko. Ọ́fíìsì ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, ṣùgbọ́n abúlé ni wọ́n bí mi sí, ìdí ẹ́ńjìnì ni mo sì gbé dàgbà. Bàbá mi ní ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì Lister kan, onísìlíńdà kan, èyí tó ní àgbá irin ńlá méjì tó ń yí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Òun ló ń fa omi láti odò wá sí oko. Nígbà tí kò bá sí iṣẹ́ omi, wọ́n á so bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ ayùn, á máa la pákó.

Iṣẹ́ tèmi nígbà yẹn ni kí n di irin kékeré kan mú, èyí tó ń gbé fáàfù èéfín sókè kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde, kí ẹ́ńjìnì má baà le jù láti yí. Bàbá mi á mú háńdù, á máa yí i. Á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà á wá máa fúyẹ́ bí àgbá irin yẹn ti ń gba eré. Bó bá ti tó, wọ́n á pariwo pé, "Jù ú sílẹ̀!" Bí mo bá ti jù ú sílẹ̀, ẹ́ńjìnì á hú lẹ́ẹ̀kan, á fẹ́ kú, á tún hú, kó tó wá mú ohùn. Bí mo bá yára jù, yíyí tí wọ́n yí i di asán nìyẹn. Bàbá mi kò bá mi wí rí nítorí ẹ̀. Wọ́n á kàn nu ọwọ́ wọn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ gan-an tí kò ti ṣiṣẹ́. Òrùlé ilé tó wà jò sí i lórí. Mo fi háńdù sí i, kò mira. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá wò ó, mo ní kì í ṣe títà. Mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo ní àkókò, mo ní sùúrù, ìmọ̀ ni mi ò ní. Báwo ni mo ṣe máa tú u láì fọ́ ọ? Kí ni kí n ṣe sí ìpẹtà ara rẹ̀? Ṣé kí n kùn ún ní ọ̀dà tuntun? Kí sì ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?

Mẹkáníìkì Ayé Ọjọ́un

Bàbá, ẹ kú àbọ̀ sí oko. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnì yín kò nọ́ọ̀kì. Ìpẹtà ló so pístìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, mọ́ ara sìlíńdà. Èyí ṣeé tún ṣe, mo ti rí èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ tó jí.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ Lister CS. Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é láti nǹkan bí 1930 títí wọ 1980 sókè. Ẹ wo àwo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bó bá kọ 6/1, agbára ẹṣin 6 ni, sìlíńdà 1, ó sì ń yí ní ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan. 5/1 ni èyí tó ṣáájú rẹ̀, 600 ni tirẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ohùn rẹ̀ fi wúwo tó sì lọ́ra ju ti ẹ́ńjìnì òde òní lọ. Inú yín á dùn láti gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ní Rajkot, ní Íńdíà, ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí di òní, nítorí náà ríǹgì pístìn, gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín irin méjì, àti nọ́súlù tó ń tú epo sínú sìlíńdà rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ títú rẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ má ki irin gígùn bọ àárín ẹsẹ̀ àgbá ńlá yẹn kí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ o. Irin dídà ni wọ́n fi rọ ọ́, kì í tẹ̀, ńṣe ló ń sán. Bí àgbá yẹn bá sán, tí ẹnì kan sì wá yí ẹ́ńjìnì náà síná, ó lè pa ènìyàn.

Ẹ kọ́kọ́ fa omi inú rẹ̀ dànù. Ẹ ṣí orí sìlíńdà kúrò, kí ẹ lè rí ibi tí pístìn dúró sí. Bó bá wà nísàlẹ̀, ara sìlíńdà tó hàn sókè yìí ni ìpẹtà ti jẹ jù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin rírọ̀ fọ̀ kí pístìn tó gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọ́ìlì jíà aládàáṣe mọ́ acetone (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò), ìdá kan sí ìdá kan, ẹ dà á sórí pístìn, kí ẹ bo ojú rẹ̀. Wọn kì í pò dọ́gba fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ máa mi ìgò náà kí ẹ tó dà á. Acetone ń gbiná bíi pẹtiróòlù, kò gbọdọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí.

Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ máa dà á kún un bó bá ti ń wọlẹ̀. Bó bá ti mu dáadáa, ẹ gbé igi líle tó bá ojú pístìn mu lé e, kí ẹ fi òòlù máa kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kì í ṣe pé kí ẹ lù ú wọlẹ̀ o, gbígbọ̀n tí igi yẹn ń gbọ̀n ọ́n ni a fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ gbá àgbá náà síwá díẹ̀, kí ẹ gbá a sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá rìn ní ìwọ̀n èékánná, ẹ ti borí. Ẹ má wáá fi ayọ̀ tì í kọjá, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún da ọ́ìlì sí i.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá wa. Ọ̀rọ̀ bóòtù ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irin àtijọ́ ti ń bàjẹ́.

Ẹ́ńjìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn kì í lo bóòtù tí a ń rà lónìí. Whitworth ni tirẹ̀, ìwọ̀n tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841. Ojú eyín rẹ̀ jẹ́ ìgun dígírì 55, ti òde òní jẹ́ 60. Ẹ wo bóòtù tó fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì: eyín 12 ló wà nínú íǹṣì kan lára Whitworth, 13 ló wà lára irú ti Amẹ́ríkà tó jọ ọ́. Bí ẹ bá fi ìkejì sínú ihò àkọ́kọ́, á wọ̀ díẹ̀, á sì dà bíi pé ó bá a mu. Lẹ́yìn náà á le. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fi sípánà gígùn sí i, eyín inú irin dídà yẹn á jẹ tán, ó parí.

Sípánà rẹ̀ náà yàtọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sípánà Whitworth jẹ́ ti ìbú ẹsẹ̀ bóòtù, kì í ṣe ti orí tí sípánà ń gbá mú. Nítorí náà èyí tí wọ́n kọ ìdajì íǹṣì sí tóbi ju ìdajì íǹṣì lọ lẹ́nu. Ẹ wá àlòkù rẹ̀ rà, ẹ má fi sípánà tí kò bá a mu ba orí bóòtù jẹ́.

Èyí tó bá dì, ẹ fi iná gbóná sí nọ́ọ̀tì rẹ̀, kì í ṣe bóòtù, kí nọ́ọ̀tì lè wú, kó sì já ìpẹtà. Ẹ rí i pé kò sí dísẹ́ẹ̀lì tàbí acetone níbẹ̀ kí ẹ tó tan iná. Bí ẹ bá ti tú bóòtù kan, ẹ dá a padà sínú ihò rẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí i wọlé. Mi ò tíì rí àpótí tó ń tọ́jú bóòtù ju ihò tó ti jáde lọ.

Ìyá Aránṣọ

Bàbá, mo kí yín o. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ ni mo ń tún ṣe látìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Singer ìyá mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí ní kékeré, tí mo máa ń wo ẹsẹ̀ ìyá mi lórí pẹ́dà.

Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí ẹ tó tú u. Ẹ yà á láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún yà á bí ẹ bá ti yọ nǹkan kan. Ẹ ní ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ ohun tí ẹ yọ àti ibi tó kọjú sí. Mo tún máa ń kọ ohun tí mo bá rántí sínú ìwé yẹn. Ọwọ́ ènìyàn á wà lára irin, ọ̀rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ sọ nígbà ọmọdé á kàn yọ lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, á tún lọ. "Jù ú sílẹ̀!" tí ẹ kọ sókè yẹn, ṣé àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì

Fún ìpẹtà, ọ̀nà iná mànàmáná ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn irin kéékèèké tí ẹ bá yọ, nítorí kì í jẹ irin tó dára. Ìpẹtà nìkan ló ń kúrò.

Ẹ wá ike ńlá kan, ẹ pọn omi sí i. Sódà ìfọṣọ ni kí ẹ fi sí i, síbí ìjẹun kan sí nǹkan bíi lítà omi mẹ́rin. Mi ò sọ sódà tó ń bó ọwọ́ o, ẹ má ṣì í mú. Ẹ ri irin tó dípẹtà sínú omi náà, ẹ fi wáyà so ó kọ́ kó má kan ìdí. Ẹ ri irin àlòkù mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí wọ́n má fara kanra. Ṣájà bátìrì ọkọ̀, fólìtì 12: wáyà dúdú, ìyẹn òdì, sára irin tí ẹ fẹ́ tún ṣe, wáyà pupa sára irin àlòkù. Bí ẹ bá pa á dà, irin yín gan-an ni iná á jẹ.

Ẹ máa rí i tí omi ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára irin. Háídírójìn ni, ó ń gbiná, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì pa ṣájà kí ẹ tó já wáyà. Irin àlòkù yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síbí àti ìkòkò dídán, nítorí ó máa ń tú oró kúrómíọ̀mù tó ń fa jẹjẹrẹ sínú omi. Ẹ má fi alumíníọ̀mù sínú rẹ̀ rárá, á jẹ tán. Sípíríǹgì fáàfù náà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, háídírójìn máa ń mú kí irin líle bẹ́ẹ̀ sán lójijì lẹ́yìn ọjọ́.

Bí ẹ bá yọ ọ́, á dúdú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ kíákíá, ẹ fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láti lọ jẹun, ìpẹtà tuntun á ti bò ó kí ẹ tó dé.

Akunlé

Ẹ fá gbogbo ọ̀dà àtijọ́ yẹn kúrò, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ ewé tí ilé iṣẹ́ fi kùn ún. Ẹ́ńjìnì tó jẹ́ ti bàbá ẹni, ó yẹ kó dán.

Ìyá Aránṣọ

Akunlé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Lára Singer ìyá mi, ibì kan wà lápá ọ̀tún tí òdòdó aláwọ̀ góòlù ti pa rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn máa ń sinmi lé. Ẹni tó bá kun ibẹ̀, ó ti nu ọwọ́ ìyá mi kúrò nìyẹn. Kí Bàbá kọ́kọ́ wo ara ẹ́ńjìnì náà dáadáa. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣeé rà, irú ibi bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà.

Mẹkáníìkì Ayé Ọjọ́un

Mo wà lẹ́yìn Ìyá. Ẹ fi àkísà àti dísẹ́ẹ̀lì nu ẹrẹ̀ ọ́ìlì kúrò, ibi tí irin bá ti ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ fi ọ́ìlì pa. Bó bá tilẹ̀ di dandan kí ẹ kùn ún, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ fá ọ̀dà ìgbà yẹn. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi ìbòmú tó dára bo imú, kí àwọn ọmọ-ọmọ má sí nítòsí. Gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà lè ní asbestos nínú, èyí tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ rin ín kí ẹ tó hó o kúrò, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Àwo orúkọ tó ní nọ́ńbà lára, àkísà nìkan ni kó kàn án. Bí nọ́ńbà bá pa rẹ́, ó máa ṣòro láti mọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ọmọ Bàbá Ẹ̀rọ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Irú iṣẹ́ yìí ni bàbá tèmi náà ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá gbé nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì yẹn ju kílò 300 lọ, àgbá irin kan ṣoṣo lára rẹ̀ ju ohun tí ènìyàn kan lè dá gbé lọ. Ẹ yá ṣéènì ìgbẹ́rù, ẹ fi páìpù sísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ yí i kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì pe ẹnì kan sọ́dọ̀. Ẹni yẹn á tún di ọ̀rẹ́ yín lórí iṣẹ́ náà.

Àgbà Oko

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti mira! Ọmọ àbúrò mi ló wà lọ́dọ̀ mi nígbà tó ṣẹlẹ̀. A gbá àgbá síwá, kò sí nǹkan kan. A gbá a sẹ́yìn, mo gbọ́ "kẹ́", ọ́ìlì tó wà lórí pístìn sì mì. A ti yọ pístìn jáde báyìí. Sìlíńdà ní àbàwọ́n díẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n kò jìn, èékánná mi kò kọ́ ọ. Ríǹgì tuntun ti dé.

Ìyá Aránṣọ, mo wo ara rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Irin kékeré tí mo máa ń dì mú nígbà ọmọdé yẹn, kò sí ọ̀dà lórí rẹ̀ mọ́ rárá. Ó mọ́lẹ̀ kedere. Mi ò ní kun nǹkan kan.

Ó kù kí a yí i síná. Ẹ sọ ohun tó yẹ kí n mọ̀.

Mẹkáníìkì Ayé Ọjọ́un

Ẹ kú oríire, Bàbá! Ẹ wá fara balẹ̀ ka eléyìí, nítorí ibi tó léwu jù la dé.

Ẹ fi òòlù kékeré kan àgbá méjèèjì níbi púpọ̀. Èyí tó yè á dún bí agogo, èyí tó bá ti sán á dún pọ́ọ́kú. Ẹ wo irin ṣóńṣó tó fi àgbá há mọ́ ọ̀pá, kò gbọdọ̀ mì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ti irin tó ń dín epo kù lára pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ, kó máa bọ̀, láì há. Bó bá há sí ibi epo púpọ̀, ẹ́ńjìnì á gbé eré tí ẹnikẹ́ni kò lè dá dúró. Ní ọjọ́ náà, ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ kan sítòsí. Bó bá sá gbé eré, pákó yẹn ni kí ẹ fi bo ibi tó ti ń mí afẹ́fẹ́ sínú. Ẹ má fi ọwọ́ bò ó láéláé.

Ọ̀rọ̀ nọ́súlù: bí ẹ bá fẹ́ wo bó ṣe ń tú epo, ẹ kọjú rẹ̀ sí páálí, kí ọwọ́ yín jìnnà. Agbára tó fi ń tú epo jáde ń lu awọ ara wọlé. Ojú ihò rẹ̀ á kéré, kò ní dunni púpọ̀, ṣùgbọ́n ìka lè lọ sí i. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró kó wú.

Ẹ fa afẹ́fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà epo: ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù díẹ̀, kí epo tó ń hó jáde títí tí yóò fi máa ṣàn láì hó. Orí sìlíńdà CS ní kẹ̀kẹ́ ọwọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí i wọlé pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè fún dáadáa nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i síná. Tí ẹ bá mú háńdù, àtàǹpàkò yín kò gbọdọ̀ yí i ká, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù. Bí ẹ́ńjìnì bá ta padà, àtàǹpàkò tó há ló máa ń dá. Kò sí agbádá, kò sí okùn ọrùn. Ìta ni kó wà, tàbí kí páìpù èéfín rẹ̀ yọ síta, nítorí èéfín ń pani nínú ilé.

Onikatakata

Bàbá, mo ń tẹ̀lé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Katakata Ferguson TE20 ni èmi ń tún ṣe, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1946 sí 1956, tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ká fídíò ọjọ́ náà. Mi ò ká tèmi, ó sì ń dùn mí.

Àgbà Oko

Ó ti ṣiṣẹ́! Ọmọ àbúrò mi ló yí háńdù, èmi ni mo di irin yẹn mú. Nígbà tí àgbá gba eré, mo dúró kí ó pariwo, ó sì pariwo bí mo ṣe kọ́ ọ. Fídíò wà. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ funfun ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di bí aró díẹ̀. Ṣé kò sí wàhálà?

Mẹkáníìkì Ayé Ọjọ́un

Kò sí wàhálà, Bàbá. Funfun nígbà òtútù, epo tí kò jó tán ni, ó yẹ kó lọ bó bá gbóná. Bó bá gbóná tán tó ṣì funfun, tí omi rẹ̀ sì ń dínkù, ẹ wo gáskẹ́ẹ̀tì orí. Aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó, nítorí ríǹgì tuntun kò tíì bá sìlíńdà mọ ara wọn. Bó bá dúdú ni kí ẹ kọ̀wé sí mi, epo ti pọ̀ jù tàbí iṣẹ́ ti wúwo jù.

Ẹ má jẹ́ kó máa dá ṣiṣẹ́ lásán fún ìgbà pípẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò rí iṣẹ́ ṣe kì í gbóná tó, ara sìlíńdà á máa dán bíi gíláàsì, ríǹgì kò sì ní jókòó láéláé. Ẹ so ẹrù díẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ máa fi kún un. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ fa ọ́ìlì rẹ̀ jáde nígbà tó ṣì gbóná, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ kí ẹ wo ohun tó kù lórí aṣọ náà. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń tàn níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí ẹ tó tún yí i síná.